Aró Tí Kò Mú Aṣọ

Àlàmísì, ìrọ̀lẹ́, oṣù Kejì, 1984

Ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un.

Láti ọjọ́ Ajé ni aró mi kò ti mú aṣọ. Ẹrù oníbàárà mi ará Ìtórí wà nílẹ̀. Bó bá dé tí n kò tíì rẹ ẹ́, ọ̀dọ̀ aláró mìíràn ló ń kó o lọ.

Ìyá Ẹgbẹ́ àwa aláró ti sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wa, mo sì ti ní n kò lọ sípàdé ẹgbẹ́ ní Òwu mọ́. Kí ni mo ń wá lọ? Kásẹ́ẹ̀tì ní omi eérú tí a fi ń po aró gbọ́dọ̀ ta ahọ́n. Mo tọ́ ọ wò, ó ta mí. Síbẹ̀ aró kò mú.

Lónìí mo bu omi eérú náà sínú abọ́, mo gbé e lọ sípàdé. Ìyá Ẹgbẹ́ tọ́ ọ wò, ó wá tẹjú mọ́ ẹnu mi.

"Ìyá Rájí, ṣé aáṣáà yẹn wà lẹ́nu yín nígbà tẹ́ ẹ tọ́ ọ wò?"

"Ìgbà wo ni kì í sí níbẹ̀?"

"Aáṣáà ló ta yín o! Omi lásán nìyí, ẹ fi po ẹ̀kọ mu!"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Kò dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n bu omi eérú tó mú fún mi, mo ti dà á sí ìkòkò, òórùn rẹ̀ sì ti ń yí padà bíi ti aró tó fẹ́ mú.

Kí aláró tẹ́sẹ̀ ń dùn l'Ádìgbẹ́, tí kò lè rìn dé ìpàdé, máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó dáa fún un. Èmi dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ṣì gbé mi dé Òwu. Bí mo bá jókòó sílé, ta ni ìbá wo ẹnu mi?