Ìkéde Tí Mo Tẹ̀ Tí N Kò Kà

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìtẹ̀wé,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Òpópónà Kejì.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi Sùúrù,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n jẹ́wọ́, torí bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, mo mọ ara mi, ibẹ̀ ni n óò parí lẹ́tà yìí sí. Jọ̀ọ́, má ṣe fọwọ́ sí ìwé ilé yẹn lọ́jọ́ Ẹtì. Ìmọ̀ràn tí mo fún ọ, pé kí ìwọ àti ẹni tó ń ta ilé kọ ìdajì owó sínú ìwé tó ń lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, ìmọ̀ràn òmùgọ̀ ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ara ti ń fu mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lórí fóònù láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ báyìí, ọ̀rọ̀ orúnkún rẹ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Ó yá, orúnkún náà ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé ikọ́ ìyàwó rẹ ti lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àga tó máa ń yí fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, ṣé o ti tún un ṣe, àbí ó ṣì ń kọjú oníbàárà sí ògiri bí o bá ń gẹ irun wọn lọ́wọ́? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí lójú kan.

O rántí bí mo ṣe fọ́nnu fún ọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí mo ra ilé yìí lọ́wọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà mi pé ìjọba ń gba owó-orí lórí ilé tí èèyàn bá rà, pé bí owó ilé bá ṣe pọ̀ tó ni owó-orí náà ṣe máa pọ̀ tó. N kò bi ẹnikẹ́ni. Ta ni kí n bi? Èmi tí gbogbo ayé ń pè ní Akọ̀wé! Mo jókòó, mo tẹ ìwé àdéhùn méjì. Èyí tí owó gidi wà nínú rẹ̀, mo tì í mọ́ inú àpótí aṣọ. Èyí tí mo kọ ìdajì sí ni a gbé lọ sí ọ́fíìsì. Màmá Nọ́ọ̀sì bi mí pé, “Akọ̀wé, ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀?” Mo ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ mi nìyí.” Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin fọwọ́ sí irọ́ torí pé ó gbà mí gbọ́.

Owó ìforúkọsílẹ̀ péré ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo rẹ́rìn-ín délé. Mo rò pé ọgbọ́n mi ló lé owó-orí lọ.

Àfi bí ìwé ṣe dé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fẹ títì lójú fún ìjọba. Wọ́n máa wó ilé wa, wọn yóò sì san iye tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún wa. Ìyàwó mi kà á, ó ní, “Ó dáa náà. Iye tí a rà á la ó gbà, a ó fi ra òmíràn.” Sùúrù, mo ká ìwé náà, mo fi í sápò. Kò mọ̀ pé ìwé méjì ni. Obìnrin tó fi ọdún mọ́kànlá po ìyẹ̀fun búrẹ́dì kí a lè kúrò nínú ilé onílé!

Lánàá, mo gbé ìwé méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì. Obìnrin tó wà lẹ́yìn kántà wò wọ́n títí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Bàbá, ṣé ilé àkọ́kọ́ yín nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáàmù.”

“Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì ń gbé inú ẹ̀?”

“Èmi àti ìyàwó mi.”

“Kí wá lẹ ń sá fún? Ẹni tó bá ra ilé àkọ́kọ́, tó sì ń gbé inú ẹ̀, kì í san owó-orí yẹn. Owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan ni, iye kan náà sì ni, ilé ì báà tóbi, ì báà kéré.”

Háà!  Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Ó na ìka sí ògiri ẹ̀yìn mi. “Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn.”

Mo yíjú. Ìkéde kan ni, àwọn ìràwọ̀ kéékèèké sì yí etí rẹ̀ ká. Sùúrù, ta ló máa ń fi ìràwọ̀ yí etí ìwé ká ní gbogbo àdúgbò yìí? Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́! Wọ́n gbé e wá bá mi, mo tẹ ogójì ẹ̀dà, mo gba owó iṣẹ́ mi. Ìka mi kọjá lórí gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ojú mi kò rí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí mo wá forúkọ ilé sílẹ̀, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo fi agbòjò mi tì sí. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà ní, “Bàbá, ṣé kí n wá omi fún yín?” Mo ní kó kúkú bá mi wá ojú mìíràn. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ẹ̀rín rín.

Ó ní àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe kí oṣù yìí tó parí, ṣùgbọ́n èmi àti ẹni tó ta ilé gbọ́dọ̀ jọ fojú hàn, kí a jẹ́wọ́ pé irọ́ ni a kọ, kí a sì san ìtanràn.

Mo sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ àná. Kò pariwo. Ó ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ, ohun kan ṣoṣo ló bi mí: “Sùúrù ńkọ́? Ṣé o ti sọ fún un?” Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Kọ iye tí o fẹ́ san gan-an. Kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ tiyín; bóyá òfin tiwọn yàtọ̀, má kàn gba tèmi gbọ́ mọ́. Bí o bá sì débẹ̀, ka ara ògiri.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò rẹ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ láàárọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán. N kò lẹ àpòòwé rẹ̀ pa; bí ó bá wù ú, kí òun náà kà á.

Ní tèmi, ilẹ̀kùn Màmá Nọ́ọ̀sì ni n óò kàn lọ́la. N kò ní jókòó kí n tó sọ ọ́. N óò ka ìwé méjèèjì sí i létí, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, kí n tó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi dé ọ́fíìsì.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ìka rẹ̀ yá ju ojú rẹ̀ lọ,

Akọ̀wé.