Ẹ̀wù Tí Ìyá Rẹ Rán fún Àpótí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Dókítà wa,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ tí kò jẹ́ ká lè wá síbi ìgboyè rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà.

Nígbà tí o bi wá lórí fóònù bóyá a rí ọ lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ ìgboyè náà, ìyá rẹ yára dáhùn pé a rí ọ dáadáa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ bí ó ṣe kù díẹ̀ kó má rí bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo tan kọ̀ǹpútà, ó ní òun kò rí àdírẹ́sì gbà. Èmi tí mo pín lẹ́tà kiri ìgboro títí mo fi fẹ̀yìn tì, nǹkan kan wà nínú ilé mi tí kò ní àdírẹ́sì! Mo rántí àlàyé rẹ pé àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí kò bá sì fún un, kò sí ohun tó lè wọlé tọ̀ ọ́ wá. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo yọ wáyà, mo nù ún, mo tún fi í sí àyè rẹ̀ padà. Pàbó ló já sí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní kí n lọ ra àpótí mìíràn. Ọjà wo ni mo fẹ́ ná kí wọ́n tó pè ọ́?

Ìyá rẹ fọwọ́ ti orúnkún, ó dìde. Ó tọ wáyà láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, bí ó ṣe máa ń tọ òwú nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bá ta kókó, títí ó fi dé ìdí àpótí. O mọ̀ pé ohun tí kò bá ní ẹ̀wù nínú ilé wa, àlejò ni. Ó ti rán èyí tó nípọn fún àpótí náà nítorí eruku. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó sì yára fà á yọ. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ wá fọwọ́ kàn án. Ooru ló fẹ́ pa á."

Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, a pa iná rẹ̀, ìyá rẹ sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i bí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n aago ni mo ń wò. Nígbà tó tutù, a tún un tàn, kọ̀ǹpútà sì rí àdírẹ́sì gbà.

Bí àwòrán ṣe jáde, ìwọ ló kàn. Mo gbọ́ orúkọ ìdílé wa, wọ́n fi Dókítà ṣáájú rẹ̀, mo sì dìde dúró ní pálọ̀ bí ẹni pé èmi ni wọ́n pè. Ìyá rẹ ní, "Ọrùn aṣọ tí mo rán fún un yẹn mà jókòó dáadáa," ló bá bú sẹ́kún. Ọmọ mi, ìròyìn ayọ̀ tí mo ti gbé dé ẹnu ọ̀nà àwọn ẹlòmíràn kò lóǹkà. Lọ́jọ́ náà, tèmi náà dé.

Ẹsẹ̀ tó gbé ọ gun orí pèpéle yẹn kò ní yẹ̀. Wàá ṣe ju èyí lọ, ojú wa yóò sì rí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn.

Mo tún rántí: Ìyá rẹ ti rán ẹ̀wù mìíràn fún àpótí náà. Aṣọ oníhò wẹ́wẹ́ ni, ó sì ní ìgbà tí àlejò bá wá nìkan ni yóò máa wọ̀ ọ́.