Lékèélékèé Ti Dé Ẹ̀bá Kànga Wa

Bàbá Olúyínká,

Ẹ kú iṣẹ́ epo ní Wàrí o. Ara wa le koko n'Ísọlọ̀. Àwọn lékèélékèé ti dé bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ọmọ yín sáré lọ wo màálù tí wọ́n ń tẹ̀ lé, àṣé katapílà tó ń la títì ni! Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa kòkòrò jẹ.

Lánàá, ibi tí ilé Ìyá Mísbáù wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bà sí. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ti dé ẹ̀bá kànga wa. Wọ́n mà dára wò o! Ẹ má dààmú rárá. Olúyínká na èékánná sí wọn, ó ní wọ́n ti fún òun ní funfun méjì. Ó kí yín.

Tí ẹ bá ń fèsì, ẹ kọ ọ́ sọ́dọ̀ Ìyá Mísbáù, l'Éjìgbò tó kó lọ.

Èmi Kúnbi yín.