Oògùn Túúlu Tí Mo Ń Bá Ìbídùn Gbé Mì

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi lọ́run níbi tí ẹ wà? Túúlu ti mú Ìbídùn, àbúrò mi. Bí ó bá dé, apá kan orí rẹ̀ á máa dún bí ẹni pé wọ́n ń gúnyán nínú rẹ̀, á máa bì, kò sì ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀.

Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró ní ilé ìwòsàn ìjọ. Ó ń ṣiṣẹ́, Yèyé. Bí ó bá gbé e mì, kò ní pẹ́ tí á fi dìde jókòó, tí á ní ebi ń pa òun. Àmọ́ ẹ rántí bí ẹ ṣe tọ́ wa: ẹni tó gbé oògùn fún aláìsàn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin á lá àgbo kíkorò, ẹ ó wá pọ́nnu lá bí ẹni pé oyin ni, a ó sì rẹ́rìn-ín títí a ó fi mu tiwa. Ìbídùn olórí kunkun yín kò gbàgbé. Bí n kò bá gbé hóró kan mì lójú rẹ̀, kò ní fi tirẹ̀ kan ẹnu. Èmi tí orí kò fọ́ rí!

Nígbà tó yá, ọwọ́ mi ń tutù nínú oòrùn. Èékánná mi funfun. Òwú ń já bọ́ lọ́wọ́ mi nídìí kíjìpá tí mò ń hun, n kò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo lọ bá ọ̀gá tó ń pín oògùn. Agbára káká ló fi rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ lọ́rùn ọwọ́ mi. Ó ní oògùn yìí a máa fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Èyí tó wú lórí Ìbídùn ló ń fún. Lára èmi tí nǹkan kan kò ṣe, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ìka ló ń dí. Bí n kò bá jáwọ́, ìka mi lè kú.

Inú bí mi sí yín, Yèyé. Ẹ má bínú. Kí ni ẹ̀ bá ṣe, ká ní ẹ̀yin ni?

Túúlu náà tún dé láàárọ̀ yìí. Ìbídùn mú hóró kan dání, ó ń wo ẹnu mi. Mo lè fi tèmi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. N kò lè tàn án. Mo na ọwọ́ sí i, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó fọwọ́ pa àwọn ìka mi, ó wé oògùn náà padà sínú bébà, ó kọjú sí ògiri.

Ó ń kérora bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti bẹ̀bẹ̀, mo ti sunkún, ó kọ̀ jálẹ̀. Ta ni n ó pè wá tọ́ ọ wò? Nínú gbogbo ilé wa, yàtọ̀ sí i, ẹ̀yin nìkan ni túúlu bá jà rí. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá a mu ún.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tí àárò yín ń sọ.