Pápákọ̀ Tí Kì Í Sinmi

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le. Ọwọ́ mi tó ń bó tí ẹ rí nínú fọ́tò, òtútù ni.

Ẹ béèrè bí pápákọ̀ òfurufú ìlú òyìnbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní oko ẹ̀fọ́ ni tẹ́lẹ̀, abẹ́ àgọ́ làwọn èrò sì kọ́kọ́ ń jókòó sí. Ká ní àárín Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé tí wọn ò yé jà sí ààlà ilẹ̀ nilẹ̀ náà wà ni, à bá ṣì wà ní kóòtù! Gbọ̀ngàn mẹ́rin ló ti dà báyìí. Wọ́n ń wó, wọ́n ń kọ́, èmi náà ò lè fìdí lélẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì pọ̀.

Ẹ ní Ẹ̀gbọ́n Gàníyù, aládùúgbò wa, gba ibí kọjá lọ́jọ́bọ̀, ó wá mi títí, kò rẹ́ni gbé èlùbọ́ ọ̀dùnkún yín fún. Ẹ má bínú. Mìtíǹgì ni mo wà, lókè pátápátá.

Ẹ bá mi kí i gan-an. Ẹ ní kó máa rọra rìn, bàtà tuntun tó wọ̀ lọ́jọ́ náà máa ń yọ̀ lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fomi nù.

Èmi Màrdíyyàh yín