Búlíìṣì Nínú Omi Ẹja

Warri, Ọjọ́bọ̀

Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Ìjà ẹ̀yà tó ń lọ ní Warri yìí lé èmi àtàwọn ọmọ lọ sí Sàpẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọkọ mi ló dúró ti ilé. Ó gbé àpótí gíláàsì ẹja mi sójú oòrùn, omi di àwọ̀ ewé. Kàkà kó pààrọ̀ omi, ó da búlíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun sí i! Ẹja kú, ewéko inú rẹ̀ sì funfun bí òwú.

Ó ní, “Abeg, na ordinary grass, koríko lásán ni. Wàá rí òmíràn.”

Níbo? Ìyá Ẹ̀bùn, apẹja ará Ìlàjẹ, ló fa ewéko náà tu fún mi nínú odò abúlé wọn. Àwọn tó ń jà ti sun abúlé náà. A ò mọ ibi tí ìyá náà sá gbà.

Mo pariwo mọ́ ọkọ mi. Ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo fi omi tó mọ́ ṣan ewéko náà títí, ó já sí mi lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù láti abúlé yẹn nìyẹn.