Ẹ Wá Fa Èèkàn Yín Tu Lójú Ọ̀nà Èbúté

Ẹgbẹ́ Àwọn Ọlọ́sàn Fìdítì,
Ẹ̀yìn Ọjà Èso,
Fìdítì,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Àfijìó,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Alága,
Àjọ Tó Ń Rí sí Ọ̀nà Èbúté,
Jobele,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ ẸNI TÓ RI ÈÈKÀN ALÁṢỌ PUPA SÍ Ọ̀NÀ FÌDÍTÌ SÍ ÈBÚTÉ WÁ FI ỌWỌ́ ARA RẸ̀ FÀ Á TU

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Orúkọ ẹgbẹ́ wa ni mo fi ń kọ ìwé yìí sí yín, lórí ọ̀nà tó lọ láti Fìdítì sí èbúté orí ilẹ̀ tí ẹ ń kọ́. A kò bá yín jiyàn nípa èbúté tí kò ní omi. Ẹ ní àpótí irin tó tó ilé ni yóò máa gúnlẹ̀ síbẹ̀ dípò ọkọ̀ ojú omi, àti pé inú àpótí náà ni ọsàn wa yóò gbà dé òkè òkun. A gbà. Inú wa tilẹ̀ dùn débi pé àwọn kan nínú wa ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa ná ọjà pẹ̀lú òyìnbó.

Lẹ́tà yín tó dé lóṣù tó kọjá ló bà wá nínú jẹ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ yín jókòó sẹ́bàá ọ̀nà náà, wọ́n ń ka ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, wọn kò sì rí ohun kan ju ewúrẹ́ lọ. Ẹ ní ó hàn gbangba pé ọ̀nà náà kò wúlò fún wa, àti pé ní ìpàdé yín oṣù tó ń bọ̀, ẹ ó yí i gba ibòmíràn. Ẹ̀yin Ọ̀gá, òótọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ yín sọ. Àwa náà rí wọn. Ọ̀ọ́kán la dúró sí tí à ń wò wọ́n, a sì juwọ́ sí wọn. Ohun tí wọn kò bi wá ni ìdí tí àwa kò fi gba ibi tí ewúrẹ́ ń gbà. Ewúrẹ́ kò mọ ààlè ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú oṣù Ògún, lọ́jọ́ tí gbogbo wa lọ sìnkú ní Ìlọrà, àwọn awọnlẹ̀ yín wá. Wọ́n ri èèkàn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, láti ẹ̀yìn ọjà wa títí dé ibi tí ojú kò ká mọ́. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ èèkàn kọ̀ọ̀kan. Kí atẹ́gùn má baà gbé aṣọ náà lọ, wọ́n gé sílípáàsì tó ti gbó wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi ìṣó kàn án mọ́ ọn lórí. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

N kò mọ ibi tí wọ́n ti tọ́ àwọn awọnlẹ̀ yín dàgbà. Níhìn-ín, igi tí a bá fi aṣọ pupa àti àkísà bàtà sára rẹ̀ kì í ṣe igi mọ́. Ààlè ni. Ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé mọ̀ pé ohun tí ààlè bá wà lára rẹ̀ ní olóhun, pé kí òun má fọwọ́ kàn án, kí òun má sì rékọjá rẹ̀. Òun la fi ń ṣọ́ igi ìdáná tí a ṣẹ́ jọ sínú igbó, òun la fi ń ṣọ́ ọsàn tó pọ́n nígbà tí a kò sí lóko. Ẹyọ kan máa ń tó oko kan. Tiyín lọ bẹẹrẹbẹ. Nígbà tí a ti ibi òkú dé, ẹnu yà wá, à ń bi ara wa pé irú olóko wo ni inú bí tó báyìí.

Bàbá Uthman la kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé oko rẹ̀ bá ọ̀nà náà pààlà, ó sì ti bá wa jà rí lórí àwọn tó ń já ọsàn rẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá. Bàbá gbé Kùránì jáde, ó búra. A tọrọ àforíjì. Inú ṣì ń bí i sí wa díẹ̀. Bí ẹ bá dé, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́.

Èmi ni mo wọ ọkọ̀ lọ béèrè ní Jobele, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ni èèkàn. Mo padà wá ṣàlàyé fún àwọn àgbà pé wọ́n kàn fi ń wọn bí ọ̀nà yóò ṣe fẹ̀ tó ni. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí. Wọ́n ní bí ààlè tálákà bá ń mú èèyàn, kí ni ti ìjọba yóò ṣe? Wọ́n tún ní ẹni tó bá fi ààlè lélẹ̀ ló ń mú un kúrò, a kì í bá a mú un. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìjọsìn. Wòlíì ìjọ wa wàásù pé ààlè kò lágbára lórí ọmọ Ọlọ́run, Lèmọ́mù náà sì sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. A bá mú àwọn méjèèjì lọ sídìí èèkàn. Wòlíì ní kí Lèmọ́mù máa ṣíwájú, nítorí pé òun ló dàgbà jù. Lèmọ́mù ní rárá o, Wòlíì ló kọ́kọ́ wàásù rẹ̀. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún ara wọn títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n sì jọ padà sílé. Ọlọ́kadà kan tí kì í ṣe ọmọ ibí nìkan ló kọjá, ó ń fi wá rẹ́rìn-ín. Kò tíì rìn jìnnà tí táyà rẹ̀ fi bẹ́. Mo sọ fún wọn pé ó ní láti jẹ́ pé ìṣó tí àwọn awọnlẹ̀ já sílẹ̀ ló gún un, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣáájú jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ibi tó ti ń dùn mí nìyí. Ìyá tó bí mi wà ní Abà Àbọ̀dé, ní òdìkejì ọ̀nà náà. Ìbíyẹmí ni orúkọ wọn. Ẹ má bínú pé mo dárúkọ ìyá mi gán-ín, ìwé ìjọba ló fà á. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọ̀nà yẹn wà níwájú wọn, odò wà lẹ́yìn wọn, odò náà sì ti kún láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń gbé iyọ̀ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sínú abọ́, tí wọ́n ń wẹdò gbé e lọ fún wọn. Èmi kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n gba ojú ọ̀nà wá. Wọ́n ní àwọn kò rú ààlè rí láti kékeré, àwọn kò ní wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Ọsàn tí wọ́n fi tọ́ mi, tí wọ́n fi rán mi nílé ìwé, ń já bọ́ lójoojúmọ́, ó ń rà sídìí igi. Bí ẹ bá wá yí ọ̀nà gba ibòmíràn báyìí, ẹ̀yin lẹ máa lọ, èèkàn yín kò ní lọ. Inú ààlè tí olóhun rẹ̀ ti gbàgbé ni ìyá mi yóò wà.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. A kò tíì béèrè ọ̀dà, a kò béèrè iná ojú pópó. Ẹ dá ìpinnu yẹn dúró ná. Ẹ wá ẹni tó ri èèkàn náà gan-an, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀, kì í ṣe aṣojú rẹ̀. Ẹ rán an sí wa. Kó fa èyí tó wà níwájú Abà Àbọ̀dé tu, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún gbogbo wa pé òun ti mú ààlè òun kúrò. Ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí àwọn tó ń ka èèyàn tún padà wá. Kí wọ́n mú àga tó dáa lọ́wọ́, nítorí wọn yóò kà títí yóò fi sú wọn. Bí ẹ bá sì tún ní ohun láti wọ̀n lọ́jọ́ iwájú, ẹfun kò wọ́n, ẹ fi sàmì sílẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé èmi tí mo mọ̀ pé èèkàn lásán ni, kí ló dé tí n kò kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ dúró níbẹ̀. Ìyá mi jáde wá sí òdìkejì, a kí ara wa. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè, mo sì dá a padà síbi tó wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun. N kò tíì dáhùn tí wọ́n fi ju ọsàn kan sí mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Orí ààlè ló gbà kọjá wá. Ìyá mi dúró, wọ́n ń wò mí bóyá n ó mú un. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò lè mú un. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lójú wọn, mo sì padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè rán ẹni yẹn sí wa.

A dúpẹ́ tí ẹ fara balẹ̀ ka ìwé wa dé ìsàlẹ̀.

Èmi tí mò ń retí yín ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà,

Olúbùkọ́lá Àlàkẹ́ Ògúndìran (Ìyáàfin),
Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Àwọn Ọlọ́sàn Fìdítì.